Kòkòrò Kì Í Gba Ìwé Ìrìnnà: Ìtàn Ìwádìí Kòkó àti Ẹ̀gẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní ọdún 1936, lágbègbè Koforidua ní ilẹ̀ Gold Coast tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, a ṣàkíyèsí pé àwọn igi kòkó kan ń ṣe àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka wọn ń wú, ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé wọn ń pọ́n lójú iṣan, èso wọn ń kéré sí i, títí igi náà yóò fi gbẹ lórí ìdúró. Kòkó kì í ṣe ohun ọ̀gbìn lásán nígbà náà. Láti Kumasi dé Ìbàdàn, òun ló ń kọ́ ilé onípáànù, òun ló ń rán ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń san owó orí, òun náà ni a sì fi ń ṣe ìyàwó. Bí igi kòkó bá ń ṣàìsàn, ilé odindi ló ń ṣàìsàn.

Ìjọba amúnisìn dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Tafo ní ọdún 1938 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni A. F. Posnette, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn, ti lẹ ẹ̀ka igi tó ń ṣàìsàn mọ́ igi tí ara rẹ̀ le, tí àìsàn náà sì ràn. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ọ̀dá tàbí àìdára ilẹ̀ ló fà á: fáírọ́ọ̀sì ni. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ ẹni tó ń gbé e kiri. Kòkòrò funfun kékeré kan ni, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun sí i, tó ń fa omi ara igi mu. Èèrà máa ń ṣọ́ kòkòrò yìí bí darandaran ti ń ṣọ́ màlúù, nítorí omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí ilẹ̀ Ọba kan parí sí, tí ti òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1944, ibùdó Tafo kúrò ní ti ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ó di West African Cacao Research Institute, tí àwọn ènìyàn ń pè ní WACRI, ilé ìwádìí kan fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Olú ibùdó rẹ̀ wà ní Tafo, ẹ̀ka rẹ̀ ti Nàìjíríà sì wà ní Ìbàdàn, ní Moor Plantation ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó kó lọ sí Gambari. Ìdí tí ilé kan ṣoṣo fi tó kò ṣòroó rí. Ohun tó bá ojú ló bá imú: àrùn kan náà ni, ohun ọ̀gbìn kan náà ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò sì pọ̀. Ohun tí ẹnì kan bá kọ́ nínú oko ní Tafo lọ́dún yìí, wọn a gbìyànjú rẹ̀ wò ní Gambari lọ́dún tó ń bọ̀.

Kò yẹ kí a pọ́n ètò náà ju bó ti yẹ lọ. Kì í ṣe ìfẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ mú òyìnbó dá a sílẹ̀. Ẹrù tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool ló jẹ wọ́n lógún. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà sì dópin níbi tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì dópin sí. Tógò tó fara kan Gold Coast, Dahomey tó fara kan ilẹ̀ Yorùbá tiwa, àti Côte d'Ivoire tó gbin kòkó lọ súà, abẹ́ Faransé ni gbogbo wọn wà, wọn kò sì sí nínú ẹgbẹ́. Kòkòrò funfun ń bá tirẹ̀ lọ láàárín oko Tógò àti oko Gold Coast, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá oògùn rẹ̀ kò jókòó sórí tábìlì kan.

Síbẹ̀, ohun rere ti inú ilé náà jáde, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì ni irúgbìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1930 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ F. J. Pound, tó ń ṣiṣẹ́ ní Trinidad, rìn lọ sí òkè odò Amazon láti wá kòkó tí yóò lè kojú àrùn mìíràn tó ń dà Trinidad láàmú. Ó rí oríṣiríṣi kòkó tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn ní Áfíríkà rí, ó sì kó wọn lọ sí Trinidad. Ní ọdún 1944, Posnette mú èso àwọn kòkó wọ̀nyí láti Trinidad wá sí Tafo. Wọ́n yára dàgbà, wọ́n tètè so ju kòkó àtijọ́ lọ, wọ́n sì lágbára díẹ̀ sí i lórí àrùn ẹ̀ka wíwú. Láti ara wọn ni a ti mú irú tí a pín fún àgbẹ̀ ní Gánà àti Nàìjíríà. Àgbẹ̀ tó ń ká kòkó ní Òǹdó tàbí ní Iléṣà lónìí, bí ó bá ṣe ti irú tí a ń pè ní Amazon ló gbìn, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti inú igbó Amẹ́ríkà Gúúsù wá, ó gba erékùṣù Trinidad kọjá, ó sùn ní Tafo, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òkun méjì, ilẹ̀ mẹ́rin.

Irúgbìn ni apá tó dùn. Apá tó korò ni àdá. Àwọn onímọ̀ kò rí oògùn kankan fún igi tí àrùn náà bá ti mú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni kí a gé igi náà lulẹ̀, kí a sì gé àwọn tó yí i ká pẹ̀lú, kí ó má baà ràn. Ní ti ìmọ̀, wọ́n tọ̀nà. Ṣùgbọ́n igi tó ti ń ṣàìsàn ṣì lè so fún ọdún kan tàbí méjì, àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè kò sì lè fi ọdún méjì ṣeré. Ọ̀pọ̀ oko ni a ti fi dógò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ló jẹ́ pé igi tí wọ́n gbìn ni ẹ̀rí tí wọ́n ní pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ lórí ilẹ̀ náà. Bí a bá gé igi, kí ni ẹ̀rí kù? Owó gbà-má-bínú tí ìjọba ń nà sí wọn kò sì tó nǹkan lójú ẹni tí oko rẹ̀ ti di pápá.

Ní Ìbàdàn, nígbà tí a rí àrùn náà láàárín àwọn ọdún 1940, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko pẹ̀lú àáké, àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nínú ìbínú yìí ni Ẹgbẹ́ Máyégún ti gbilẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó wá di agbára nínú òṣèlú Ìbàdàn. Nígbẹ̀yìn, ìjọba dẹwọ́. Ní Gold Coast, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní oṣù kejì ọdún 1948, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Aiken Watson darí ka gígé igi kòkó mọ́ ohun tó ń bí àwọn ará ìlú nínú. Bí ẹni bá fẹ́ mọ bí ìmọ̀ tó péye ṣe lè di ìlànà tí kò péye, kó lọ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn onímọ̀ Tafo àti àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ààlà ilẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n láàárín wọn àti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju máìlì méjì sí ọ́fíìsì wọn lọ, ààlà kan wà tí wọn kò là kọjá.

Òmìnira dé: Gánà ní ọdún 1957, Nàìjíríà ní ọdún 1960. A lè rò pé orílẹ̀-èdè méjì tó jáde kúrò lábẹ́ ọ̀gá kan náà yóò di ilé tí wọ́n jọ kọ́ mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kálukú fẹ́ ní tirẹ̀: owó tirẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú tirẹ̀, ilé ìwádìí tirẹ̀. A tú WACRI ká ní ọdún 1962. Tafo di ti Gánà nìkan. Ẹ̀ka Ìbàdàn di Cocoa Research Institute of Nigeria ní oṣù Kejìlá ọdún 1964, ó sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ títí di òní olónìí. Bákan náà ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí a jọ ní nítòsí Ìlú Ẹ̀dó ṣe di ti Nàìjíríà nìkan. Kò sí ẹni tí yóò dá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ bàbá lẹ́bi pé ó fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánù wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fi orin òmìnira bò ó mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn kan náà, lórí igi kan náà, di àwọn tó ń kọ lẹ́tà síra wọn láti òkèèrè.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí WACRI tú ká, ilé mìíràn tún dìde ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ yàtọ̀. Ní ọdún 1967, ní àkókò tí ogun abẹ́lé ń bẹ̀rẹ̀, àjọ Ford àti àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá International Institute of Tropical Agriculture, IITA, sílẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà fi ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000 sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá lórí ẹ̀gẹ́ ti wáyé. Kódà irúgbìn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láti kojú àrùn tó ń jẹ́ kí ewé ká jọ ní ìtàn ìrìn àjò tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ní Amani, ní ilẹ̀ Tanzania, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, èso iṣẹ́ wọn dé Moor Plantation, láti ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ S. K. Hahn, ọmọ Kòríà, ní IITA.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tó tóbi jù ti ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní ọdún 1973, lágbègbè Kinshasa àti Brazzaville, kòkòrò funfun mìíràn yọ lórí ẹ̀gẹ́. Ìbátan èyí tó ń gbé àrùn kòkó kiri ni, ṣùgbọ́n èyí kò ní fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni àrùn. Bó bá ti fa omi ẹ̀gẹ́ mu, orí ẹ̀gẹ́ á ká jọ, ewé á já, gbòǹgbò kò ní tóbi, igi tí ó yẹ kí a gé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kò sì ní wúlò. Níbi tó bá ti le gan-an, ó lè jẹ tó ìpín 80 nínú 100 lára èrè oko. Abo nìkan ni gbogbo wọn, wọn kò nílò akọ kí wọ́n tó bí, nítorí náà kòkòrò kan ṣoṣo lórí igi ẹ̀gẹ́ kan tí ẹnì kan gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó láti dá ìlú kòkòrò tuntun sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, ó ti dé Nàìjíríà àti Benin. Ilẹ̀ tí gàrí àti láfún ti jẹ́ oúnjẹ ẹni tí kò lówó wá wà nínú ewu.

Oògùn apakòkòrò kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ìdajì hẹ́kítà kò lówó oògùn, ní ilẹ̀ Kóńgò sì rèé, ewé ẹ̀gẹ́ gan-an ni ọbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń jẹ. Hans Herren, ọ̀dọ́ onímọ̀ láti Switzerland tó dé IITA ní ọdún 1979, rò ó bí ará oko ṣe máa ń ro ọ̀rọ̀: ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ Áfíríkà, láti Amẹ́ríkà Gúúsù ló ti wá, bí kòkòrò yìí bá jẹ́ ará ilé ẹ̀gẹ́, a jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, òun ni kò jẹ́ kó pọ̀ jù nílé. Ẹ jẹ́ ká lọ wá ọ̀tá náà.

Ìwákiri náà kò rọrùn, ó sì ní àṣìṣe nínú. Ní àríwá Amẹ́ríkà Gúúsù, a rí kòkòrò kan tó jọ ọ́ bí ìbejì. A kó àwọn ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ka kòkòrò ti Áfíríkà sí. Nígbà tí a wò ó fínní, ìbejì náà ní akọ, ti Áfíríkà kò ní: ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ìgbà tó di ọdún 1981 ni Tony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìwádìí CIAT ní Colombia, rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay. Lára rẹ̀ ni a ti rí agbọ́n tíńtínní kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ọmọ agbọ́n á jẹ kòkòrò náà tán láti inú, yóò sì fò jáde. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí ni Anagyrus lopezi.

Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ìlànà ti wọlé, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà nínú ìtàn náà. Ẹ̀dá tó lè fò kì í dúró sí ilẹ̀ ẹni tó tú u sílẹ̀. Bí Nàìjíríà bá tú agbọ́n yìí sílẹ̀, Benin ti gbà á láìjẹ́ pé a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, Tógò náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá wá lọ jẹ́ pé agbọ́n náà gbé àìsàn mìíràn wá, tàbí pé ó ń pa kòkòrò tó ṣe wá láǹfààní ńkọ́? Nítorí náà, a kò gbé e tààrà láti Paraguay wá sí Ìbàdàn. Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ lọ, níbi tí kò sí oko ẹ̀gẹ́ tó lè bàjẹ́, a sé e mọ́ ibẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbìmọ̀ àwọn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ààbò ohun ọ̀gbìn, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yaoundé, ní láti fọwọ́ sí i, ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan náà sì ní láti gbà. Ní òpin ọdún 1981, a tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti tàn ká gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Níbi tí ilẹ̀ ti jìnnà tàbí tí ọ̀nà kò dára, ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi tú u dànù láti òkè. Ní ọdún 1988, iṣẹ́ náà ní ibùdó tirẹ̀ ní Abomey-Calavi nítòsí Cotonou, níbi tí wọ́n ti ń sin agbọ́n, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní iṣẹ́ náà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ó ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20.

A kò gé oko ẹnikẹ́ni. A kò ta oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan fò wọ oko àwọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ̀gẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò. Ní ọdún 1988, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Richard Norgaard ṣírò rẹ̀ pé dọ́là kan tí a ná lórí iṣẹ́ náà mú dọ́là 149 wá. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Ọdún kan náà ni àjọ FAO gbé ìlànà àgbáyé jáde lórí bí orílẹ̀-èdè ṣe gbọ́dọ̀ kó irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wọlé àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Nígbà tí kòkòrò náà sì yọ ní Thailand ní ọdún 2008, Abomey-Calavi ni Thailand ránṣẹ́ sí. Láti Benin ni agbọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ sí Éṣíà ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ìtàn yìí ti ń rọni lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ owó. Ilé WACRI, apá kan owó tó gbé e ró ti ara kòkó tí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa gbìn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ló di àpò náà mú. Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́, àwọn ìjọba òkèèrè àti àwọn àjọ bíi IFAD ni wọ́n gbé e ró jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, kó tó pé ọdún méjì tí a máa tú agbọ́n sílẹ̀, àwọn olórí Áfíríkà jókòó ní Èkó, wọ́n sì fẹnu kò nínú Ètò Èkó pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa fi ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ ṣe ìwádìí. Ní ọdún 2006, ní Khartoum, wọ́n tún sọ ohun kan náà. Ìlérí tí a ní láti ṣe lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 26, ẹ̀yin òǹkàwé mọ irú ìlérí tó jẹ́. ECOWAS náà gbé ìlànà tirẹ̀ lórí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀ ní ọdún 2012, ìwé tó dára láti kà.

Àrùn kò dúró de ìwé. Àrùn ẹ̀ka wíwú ṣì ń run kòkó ní Gánà àti Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè méjì tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń mú ju ìdajì kòkó ayé wá. Lórí ẹ̀gẹ́, àrùn mìíràn ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, èyí tó ń sọ gbòǹgbò di gbígbẹ àti dúdú nínú ilẹ̀ nígbà tí ewé òkè ṣì ń tan àgbẹ̀ jẹ pé gbogbo nǹkan wà dáadáa. Ó ti dé Kóńgò. Nàìjíríà, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ láyé, kò tíì rí i. Láti ọdún 2015, ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WAVE ti kó àwọn onímọ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, ní Côte d'Ivoire, Benin, Tógò, Gánà, Nàìjíríà àti kọjá bẹ́ẹ̀, láti máa ṣọ́ oko kí àrùn náà tó dé. Olú ibùdó rẹ̀ wà ní Bingerville, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀ sì wà ní Ọ̀tà. Àwọn tó ń sọ Faransé àti àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sórí tábìlì kan náà níbẹ̀, èyí tí WACRI kò ṣe rí. Àjọ Gates ti Amẹ́ríkà àti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi owó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.